Fáàfù Ọkàn Tuntun Lè Dára, Kí Ẹ̀jẹ̀ Sì Máa Jò Létí Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù ọkàn fún, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn, ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yìí lẹ́nu dókítà kan náà, níjókòó kan náà: pé fáàfù tuntun ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àti pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń jò. Wọ́n á délé, wọ́n á ròyìn rẹ̀ fún ará ilé, ọ̀rọ̀ á sì dàrú mọ́ gbogbo wọn lójú. Bó bá dára, kí ló wá ń jò? Ṣé ohun tí kò dáa ni wọ́n fi sí i láyà? Àbí dókítà kàn ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni?

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Kì í ṣe àárín fáàfù ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jò. Etí rẹ̀ ni, níbi tí ara fáàfù ti pàdé ẹran ọkàn. Ẹ wo ilẹ̀kùn tuntun tó ń ṣí tó ń tì geerege, ṣùgbọ́n tí àlàfo wà láàárín férémù rẹ̀ àti ògiri. Bí ẹ tilẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa, òjò á ṣì gba ojú àlàfo yẹn wọlé. Bí ẹ bá rí paravalvular leak, tàbí PVL, nínú ìwé àyẹ̀wò, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Jíjò etí fáàfù ni n ó máa pè é níhìn-ín.

Ó yẹ ká yà á sọ́tọ̀ kúrò lára oríṣi méjì mìíràn tí wọ́n máa ń kó pọ̀ mọ́ ọn. Fáàfù tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù líle ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fáàfù onírin, máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kọjá sẹ́yìn nígbà tó bá padé. Àwọn tó ṣe é ló mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣan oríkèé rẹ̀, kó má baà dì síbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ìkejì ni ti fáàfù tí wọ́n fi ẹran ara màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ ṣe. Ó lè pẹ́ tó ọdún 10 sí 15 kí awẹ́ rẹ̀ tó gbó, kó le tàbí kó ya, àárín gan-an ni ẹ̀jẹ̀ á sì ti máa padà. Ìyẹn náà ní ìtọ́jú tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun la ń sọ. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ yìí ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tí wọ́n sọ fún pé "ó ń jò" bi dókítà ni: àárín ni, àbí etí?

Bí àlàfo ṣe ń wáyé

Lójúmọ́ kan, ọkàn àgbàlagbà máa ń lù tó ìgbà 100,000. Ní gbogbo ìgbà tó bá lù, fáàfù á ṣí kí ẹ̀jẹ̀ kọjá, á sì padé kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Mẹ́rin ni fáàfù ọkàn, ṣùgbọ́n méjì tó wà lápá òsì, mitral (èyí tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀) àti aortic (èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde lọ sí ara), ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ jù, torí apá ibẹ̀ ni ọkàn ti ń fi agbára gidi ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Ibi tí agbára bá sì pọ̀ sí, àlàfo kékeré kì í fara sin níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fi fáàfù tuntun sí i. Èyí tó ti pẹ́ ni kí wọ́n la àyà, kí wọ́n gé fáàfù tó bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n sì rán tuntun mọ́ etí ihò tó ṣẹ́ kù. Albert Starr bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1960 ní Oregon lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pẹ̀lú fáàfù tí òun àti ẹnjiníà Lowell Edwards jọ ṣe. Fáàfù báyìí ní òrùka tí wọ́n fi aṣọ líle wé yíká. Inú aṣọ yẹn ni abẹ́rẹ́ ń gbà, tí oníṣẹ́ abẹ á fi rán an mọ́ ẹran ọkàn yí po. Ọ̀nà kejì kò nílò pé kí wọ́n la àyà. Alain Cribier ló kọ́kọ́ ṣe é fún fáàfù aortic ènìyàn, ní Rouen lórílẹ̀-èdè Faransé, ní 2002. Wọ́n á ká fáàfù náà jọ sórí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní catheter, wọ́n á tì í gba iṣan ẹ̀jẹ̀, èyí tó wà ní gbòǹgbò itan ni wọ́n sì ń lò jù lónìí, títí á fi dé inú fáàfù àtijọ́. Ibẹ̀ ló ti máa tú. TAVI ni wọ́n ń pè é, ìyẹn fífi catheter gbé fáàfù aortic tuntun wọlé. Kò sí òwú kankan níbẹ̀. Agbára tí fáàfù tuntun fi ń tẹ ògiri ara ló dì í mú.

Ẹ ti lè máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Nínú iṣẹ́ abẹ, bí etí ihò náà bá rọ̀ jù, òwú lè gé e ya lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Bí kálísíọ́mù bá ti dì síbẹ̀, tó le gbagidi, òrùka fáàfù kò ní lè jókòó déédéé lórí rẹ̀, abẹ́rẹ́ pàápàá á ṣòro láti gbà á kọjá. Kòkòrò àrùn tún lè wọ ibi ojúrán náà lọ́jọ́ iwájú, kó jẹ ẹran ibẹ̀ títí òwú á fi tú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló léwu jù, n ó padà sórí rẹ̀.

Ní ti TAVI, wọn kì í gé fáàfù àtijọ́ kúrò. Gbogbo kókó kálísíọ́mù tó wà lára rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, fáàfù tuntun ló kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ibi tí kókó kan bá ti yọrí, àlàfo á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí fáàfù bá kéré ju ihò lọ, tàbí tó jókòó sókè jù tàbí sísàlẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á rí ọ̀nà gbà.

Kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Láàárín àwọn tí wọ́n la àyà wọn, iye tí ìwé ìṣègùn sábà máa ń tọ́ka sí ni ènìyàn 2 sí 10 nínú 100 fún aortic, àti 7 sí 17 nínú 100 fún mitral. Ṣùgbọ́n kékeré ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, tí kò ní yọ ẹni tó ni ín lẹ́nu láéláé. Mo fẹ́ kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti pòrúurùu nítorí ìwé àyẹ̀wò ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun méjì tó lè bàjẹ́

Àkọ́kọ́ ni ọkàn fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó padà sẹ́yìn di iṣẹ́ àṣetúnṣe: ọkàn á tún un tì síwájú pọ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Bí ó bá pọ̀, ọkàn á fẹ̀, á rẹ̀ ẹ́, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbára jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀. Ẹni náà á máa mí gúlegúle lórí àtẹ̀gùn tó ti ń gùn tẹ́lẹ̀ láìdúró. Kò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn bí kò bá fi ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta gbé orí sókè. Ẹsẹ̀ á wú, ìwọ̀n ara á sì ga láàárín ọjọ́ díẹ̀ láìjẹ́ pé oúnjẹ pọ̀ sí i.

Èyí rọrùn láti lóye. Èkejì ló máa ń rú àwọn ènìyàn lójú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ lè máa fọ́.

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó gbó. Nígbà tí yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ọkàn bá fún, agbára inú rẹ̀ fi nǹkan bí 100 mmHg (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ti yàrá òkè lọ. Bí àlàfo tóóró kan bá wà létí fáàfù mitral, ẹ̀jẹ̀ á tú gba ibẹ̀ pẹ̀lú eré tó tó mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Á lọ kọlu aṣọ òrùka, á gbá mọ́ ògiri ọkàn, sẹ́ẹ̀lì á sì máa ya. Báyìí, ihò tó tóbi lè má fọ́ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, torí pé ẹ̀jẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà tí ihò tóóró tí etí rẹ̀ rí ságaṣàga á máa fọ́ ọ lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè sọ fún ẹnì kan pé ohun tó ń jò kéré, síbẹ̀ kí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ sí i lára léraléra. Bí wọ́n bá ní "kékeré ni", ohun tí wọ́n wọ̀n ni bí ẹ̀jẹ̀ tó ń padà ṣe pọ̀ tó. Kò sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fọ́ tó.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lèèyàn ti sábà máa ń kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ á dúdú, á rí bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí, nígbà tí ẹni náà mu omi dáadáa lálẹ́ àná. Àwọ̀ pupa tó tú jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ ló gba inú kíndìnrín jáde bẹ́ẹ̀. Funfun ojú lè máa pọ́n bíi ti ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dùn, ara á rẹ̀ ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ á funfun. Ọ̀pọ̀ á gbà pé ibà ni, tàbí ẹ̀dọ̀. Wọ́n á máa ra oògùn kiri fún oṣù mélòó kan, ẹnikẹ́ni kò sì ní rántí fáàfù. Ó máa ń dùn mí bí mo bá ro iye àkókò tó ń ṣòfò báyìí, torí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ló máa fi í hàn: LDH, ohun tó ń tú jáde látinú sẹ́ẹ̀lì tó bá fọ́, á ga; haptoglobin, èyí tó ń kó àwọ̀ pupa tó tú sínú ẹ̀jẹ̀, á lọ sílẹ̀ tàbí kó má sí rárá; ẹni tó wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù á sì rí àwókù sẹ́ẹ̀lì tí etí wọn já. Bí ẹ bá ní fáàfù àtọwọ́dá, tí ìtọ̀ yín dúdú, ẹ dárúkọ fáàfù yẹn fún ẹni tó ń tọ́jú yín kí ó tó kọ oògùn kankan.

Bí wọ́n ṣe ń rí i

Dókítà lè gbọ́ ariwo rẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò àyà, ṣùgbọ́n ó tún lè má gbọ́ ohunkóhun. Àyẹ̀wò echo ló ń fi í hàn. Wọ́n á fi ohun èlò kan tó ń fi ìró ya àwòrán lé àyà, wọn á sì rí ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bí àwọ̀ tó ń tàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fáàfù kábọ́ọ̀nù àti irin inú òrùka máa ń ṣíji bo ohun tó wà lẹ́yìn wọn, pàápàá ní mitral. Nítorí náà wọ́n lè ní kí ẹ wá ṣe èkejì, níbi tí wọ́n ti máa ti rọ́bà tó ní ohun èlò kékeré lórí gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sẹ́yìn ọkàn. Ẹ ò ní jẹun kí ẹ tó ṣe é, wọ́n á sì fún yín ní oògùn tó ń múni tòògbé. Kò dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n òun ló ń fi ojú ibi tó ti ń jò hàn kedere. Wọ́n máa ń ṣàpèjúwe ibẹ̀ bí ojú aago, "láàárín agogo 9 sí 11", kí gbogbo dókítà lè mọ ojú ibi kan náà.

Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ fáàfù, wọ́n á ṣe echo kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mẹ́ta. Iyebíye ni èyí. Òun ni wọ́n máa fi gbogbo èyí tó kù wé: ohun tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí kò yí padà kì í ṣe ẹgbẹ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú lọ́dún kẹta. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kúrò nílé ìwòsàn láìmú ẹ̀dà èsì yẹn lọ́wọ́, pẹ̀lú káàdì tó ń sọ irú fáàfù, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i. Ẹ béèrè fún un. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Dídènà rẹ̀

Iṣẹ́ àwọn dókítà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ á fara balẹ̀ gé kálísíọ́mù kúrò kó tó rán ohunkóhun, bí ẹran ibẹ̀ bá sì rọ̀, á fi ègé aṣọ kéékèèké gbé ìdí òwú kó má baà gé ẹran. Kí wọ́n tó di ojú àyà, wọ́n á wo iṣẹ́ náà pẹ̀lú echo ọ̀nà ọ̀fun. Fún TAVI, àwòrán CT ni wọ́n fi ń wọn ihò náà ṣáájú, torí ihò náà kì í ṣe róbótó. Ó gùn díẹ̀ bí ẹyin, ìwọ̀n ọ̀nà kan ṣoṣo sì máa ń tanni. Fáàfù tuntun tún ti ní aṣọ tí wọ́n wé mọ́ ìdí rẹ̀ níta láti dí àwọn àlàfo kéékèèké. Bó bá ṣì ń jò, wọ́n lè fẹ báálúùnù nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tẹ ògiri dáadáa, àmọ́ wọ́n ń ṣọ́ra, torí àfẹ̀jù lè ya ara. Kò sí ẹni tó ń fojú kékeré wo èyí mọ́ láti ìgbà tí èsì ọdún méjì PARTNER, ìwádìí ńlá kan tó fi TAVI wé iṣẹ́ abẹ, jáde ní 2012, tó fi hàn pé ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń jò lẹ́yìn TAVI, àní àwọn tí tiwọn kò pọ̀ pàápàá.

Apá ti aláìsàn ni kí kòkòrò àrùn má rí ọ̀nà débẹ̀. Ẹnu ni ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti sábà ń wọlé. Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, eyín tó ti jẹrà, gbogbo wọn ń tú kòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, aṣọ òrùka fáàfù sì jẹ́ ibi tó rọrùn fún wọn láti fara mọ́. Ẹ tọ́jú eyín kí wọ́n tó pààrọ̀ fáàfù, bí àyè bá wà, kí ẹ sì máa fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín tàbí fọwọ́ kan èrìgì, ẹni tó ní fáàfù àtọwọ́dá gbọ́dọ̀ gba oògùn apakòkòrò ṣáájú. Amoxicillin gíráàmù 2 fún àgbàlagbà, ní ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, ni ó wọ́pọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba pẹnisílíìnì á sọ ọ́, wọ́n á fún un ní òmíràn.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sí mi jù rèé. Bí ibà bá mú ẹni tó ní fáàfù àtọwọ́dá, tí kò sì lọ lọ́jọ́ méjì mẹ́ta, kó má ṣe lọ ra oògùn apakòkòrò lò fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kó lọ, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti fi wá kòkòrò, kí oògùn tó kàn án lẹ́nu. Ìwọ̀nba kápúsù tí èèyàn lò nílé kò ní pa kòkòrò tó wà lára fáàfù; ó kàn lè jẹ́ kí wọ́n má rí i nínú àyẹ̀wò ni. Ibà á rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ojúrán á sì máa jẹrà lọ lábẹ́lẹ̀.

Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ńkọ́? Òun kọ́ ló ń fa jíjò etí fáàfù, kò sì lè wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá a dúró nítorí pé ó gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ "ń jò" ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ó sì ń fi ara rẹ̀ wewu, torí ẹ̀jẹ̀ lè dì sórí fáàfù onírin. Inú ọkàn ni jíjò yìí wà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ń dà síta ara.

Ìtọ́jú

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìṣọ́ra ni ìtọ́jú: echo láti ìgbà dé ìgbà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ẹni náà máa kíyè sí ara rẹ̀. Lára àwọn tó ṣe TAVI pẹ̀lú fáàfù tí wọ́n fi irin kan tó ń jẹ́ nitinol ṣe, èyí tó máa ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ nínú ara, jíjò kékeré lè dín kù láàárín oṣù díẹ̀.

Bí àmì bá wà, oògùn lè fúnni ní ìrọ̀rùn. Oògùn tó ń tú omi dànù á mú èémí rọrùn, a á sì fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fọ́ ní áyọ́ọ̀nù àti folic acid kí ara lè rí ohun fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Nígbà mìíràn, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ sí i. Oògùn kò lè dí ihò o.

Dídí ihò láìla àyà ti wà nínú ìwé ìṣègùn láti 1992. Dókítà á ti wáyà tín-ín-rín kan gba iṣan itan, á wá ojú àlàfo náà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ echo àti ẹ̀rọ X-ray, á gba inú rẹ̀ kọjá, á sì tú èdídí kékeré, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ihò, tí wọ́n fi wáyà nitinol hun síbẹ̀. Fún fáàfù mitral, wọ́n sábà máa ń ní láti gún ògiri tó wà láàárín yàrá òkè méjèèjì ọkàn kí wọ́n tó débẹ̀. Ó lè gba wákàtí mélòó kan, ó sì lè gba ju èdídí kan lọ, torí àlàfo wọ̀nyí sábà máa ń tẹ́ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, wọn kì í rí róbótó. Kí dókítà tó fi èdídí náà sílẹ̀ pátápátá, á kọ́kọ́ wò bóyá ó há awẹ́ fáàfù. Bó bá há a, á fà á padà. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa ṣe pàtàkì ju ohun èlò lọ, nítorí náà kò sí ohun tó burú nínú bíbéèrè pé mélòó ni wọ́n ti ṣe níbẹ̀.

Ibi méjì ni ọ̀nà yìí kò ti wúlò: bí kòkòrò bá ṣì wà níbẹ̀, àti bí fáàfù náà bá ti tú débi pé ó ń mì jìgìjìgì. Nígbà náà, iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kejì ló kù, kí wọ́n tún un rán tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ewu rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n fífi fáàfù tó ti tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ léwu jù ú lọ.

Bí wọ́n bá ti dí ihò tán, ọ̀rọ̀ kò tíì parí fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fọ́. Bí èdídí náà bá dín ihò kù láìdí i tán, tóóró tó ṣẹ́ kù lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà wọ́n á tún yẹ LDH àti iye ẹ̀jẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ìtọ̀ bá padà dúdú kí ọjọ́ àyẹ̀wò náà tó pé, ẹ má dúró dè é, ẹ tètè padà lọ.